Òdo Mọ́kànlá Níwájú Orúkọ Ámósì

Ẹni tó bá wà ní Ripple Road lọ́jọ́ Àìkú yẹn, ní nǹkan bí aago kan ọ̀sán, á rí obìnrin kan nínú sùtánà funfun tó ń sáré láìwọ bàtà. Ó fi ọwọ́ òsì ká etí aṣọ rẹ̀ sókè, ó fi ọwọ́ ọ̀tún di fóònù mú. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan tẹ hóònù fún un. Àwọn ọmọbìnrin méjì tó ń jẹ ọ̀dùnkún díndín lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ya fọ́tò rẹ̀. Kò wo ẹnì kankan lójú. Fẹ̀hìntọlá Dúrójayé lorúkọ rẹ̀, ẹni ọdún méjìdínlógójì ni, orí rẹ̀ pé ṣáṣá, ohun tó sì ń tìtorí rẹ̀ sáré kò ju òdo lọ. Òdo mọ́kànlá ni, tí ẹnì kan kọ sínú ìwé ní ọgọ́jọ ọdún sẹ́yìn ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níwájú orúkọ ọmọ Barking kan.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ náà látilẹ̀, kó má baà dà bí àlá.

Ọdún mọ́kànlá gbáko ni Fẹ̀hìntọlá fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn ní ilé ìwé girama kan ní Abẹ́òkúta kó tó gba físà iṣẹ́ ìtọ́jú wá sí London. Àwọn tó gbà á síṣẹ́ kò bi í ní ìbéèrè kan nípa ìtàn. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni bóyá ó lè gbé arúgbó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì láìṣẹ́ ara rẹ̀ lẹ́yìn. Ó ní òun lè gbé e. Ó gba yàrá kan ní Castle Green, níbi tí ariwo ọkọ̀ A13 kì í ti í sinmi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé ní àràárọ̀: ó ń wẹ ẹni tó yẹ ní wíwẹ̀, ó ń fún ẹni tó yẹ lóògùn, ó ń din ẹyin. Iṣẹ́ kò lẹ́gàn, òun náà kò sì fi ṣe ẹ̀gàn. Ṣùgbọ́n ìtàn ṣì ń yún un lọ́kàn. Bó bá rí ọdún tí wọ́n fín sára ilé àtijọ́ kan, á dúró kà á, bọ́ọ̀sì á sì fi í sílẹ̀ lọ.

Ilé Michelle Tarling ní Upney ló máa ń lọ gbẹ̀yìn láàárọ̀. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni Michelle, kò lọ́kọ, kò bímọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Ó ti fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n se oúnjẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ mọ́tò ní Dagenham, kò sì sẹ́ni tó lè kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń po tíì. Òfin iṣẹ́ ní kí Fẹ̀hìntọlá máa pè é ní Michelle lásán. Fẹ̀hìntọlá gbìyànjú, ẹnu rẹ̀ kọ̀. Níbo lo ti máa dúró tí wàá máa pe ẹni tó ju ìyá ẹ lọ lórúkọ? Ọjọ́ kẹta ló sọ ọ́ di Mọ́mì Michelle. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́, òun náà sì gé orúkọ tirẹ̀ kù sí Tọ́lá. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti di ọ̀rẹ́.

Nígbà tó yá ni Mọ́mì Michelle ní kó fa agolo bisikíìtì kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìwé ló kún inú rẹ̀. Àwọn ìwé náà sọ̀rọ̀ Ámósì Tarling, àbúrò bàbá tó bí bàbá bàbá bàbá rẹ̀. Apẹja ni Ámósì nígbà tí ọkọ̀ ìpẹja ṣì kún odò Barking fọ́fọ́. Àwọn oníwàásù Mormon dé, wọ́n wàásù fún un, wọ́n rì í bọ omi, ó sì bá wọn wọkọ̀ òkun lọ sí Amẹ́ríkà. Kò padà wá mọ́.

Fẹ̀hìntọlá gbàgbé pé ìgò oògùn wà lọ́wọ́ òun. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ọmọ ilé ìwé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn àwọn Mormon pọ̀, ojú ìwé kan láràárọ̀, bí tíì bá ti wà nílẹ̀. Wọ́n kà pé wòlíì kan rí ìran, èèyàn tẹ̀ lé e, aládùúgbò sì bẹ̀rẹ̀ sí í lé wọn láti ìlú dé ìlú. Wọ́n tẹ ìlú tiwọn dó sétí odò ńlá kan, wọ́n dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun sílẹ̀ láti ara àwọn ọmọ ìjọ, wọ́n pè é ní Léjíónì. Àwọn ọ̀tá pa wòlíì náà nítòsí ibẹ̀. Àwọn tó kù kó ẹrù sórí kẹ̀kẹ́ màlúù, wọ́n forí lé aṣálẹ̀ Yútà, orúkọ ẹgbẹ́ ogun náà sì bá wọn dé ọ̀hún. Gbogbo abúlé ló ní ẹ̀ka tirẹ̀. Àgbẹ̀ ni wọ́n, káfíńtà ni wọ́n, apẹja tí kò lókun mọ́ ni Ámósì. Àwọn kan wà láàárín wọn tí wọ́n ń pè ní ọmọ ogun ìṣẹ́jú kan, torí bí agogo bá dún, ìṣẹ́jú kan péré ni wọ́n ní láti fi gun ẹṣin, wọ́n ti fi ọkọ́ sílẹ̀ lóko nìyẹn.

Ibẹ̀ ni Fẹ̀hìntọlá pàtẹ́wọ́. Ó ní ìtàn àwọn bàbá òun nìyí. Àwọn Ẹ̀gbá tí ogun lé kúrò nílé, tí wọ́n forí pamọ́ sábẹ́ Olúmọ, báyìí náà ni wọ́n ṣe: ọkọ́ lọ́wọ́ kan, ìbọn lọ́wọ́ kejì, gbogbo àdúgbò ló ní Balógun tirẹ̀. Ẹni tí ogun bá lé rí ló ń mọ ọmọ ogun í dá sílẹ̀. Ṣùgbọ́n tíṣà ni, kò fi igbá kan bọ̀kan nínú. Ó bi Mọ́mì Michelle pé ta ló ni ilẹ̀ Yútà kí àwọn Mormon tó dé? Mọ́mì Michelle ní àwọn Ute ló ni ín, màlúù àwọn àlejò jẹ koríko wọn tán, ebi pa wọ́n, àwọn náà sì wá ń kó màlúù. Fẹ̀hìntọlá ní kí wọ́n kọ ìyẹn sílẹ̀ pẹ̀lú, torí ìtàn tó bá ń ka ẹ̀ṣọ́ tí kò ka onílẹ̀, ìdajì ìtàn ni.

Ìwé Ámósì kò kúrò lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ó sọ ọ́ fún Bàbá Oyèkọ́lá, akọ̀wé ìjọ Aládùúrà tó ń lọ ní Rippleside. Bàbá yìí ti fi ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ wa bọ́ọ̀sì kó tó fẹ̀yìn tì, ahọ́n Ìjẹ̀bú rẹ̀ kò sì fìgbà kan yà kúrò ní Ìjẹ̀bú. Ó gbọ́ ọ dáadáa títí ó fi dé Léjíónì, ó wá bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó béèrè pé ṣé Léjíónì tó wà nínú ọkùnrin inú ibojì yẹn, tó wọnú ẹlẹ́dẹ̀ lọ? Ìjọ Ọlọ́run wo ló máa fi orúkọ ẹ̀mí àìmọ́ pe ọmọ ogun rẹ̀? Fẹ̀hìntọlá ní ọ̀rọ̀ àwọn ará Róòmù ni, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun ló túmọ̀ sí. Bàbá ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n wọn ì bá ti bi òun kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ.

Ẹ̀rín nìyẹn. Ohun tí kì í ṣe ẹ̀rín ni òkúta.

Ebenésérì lorúkọ abúlé tí Ámósì ń ṣọ́. Àwọn ará ibẹ̀ fẹ́ gbé òkúta tuntun kan dìde, wọ́n fẹ́ fín orúkọ gbogbo ọmọ ogun ọdún 1866 sí i lára, wọ́n sì yọ Ámósì sílẹ̀. Ìtàn àtẹnudẹ́nu wọn ni pé ojo ni. Wọ́n ní òun àti ọmọ ilẹ̀ Denmark kan tó ń jẹ́ Jens sá lọ nígbà òtútù nígbà tí ìlú ń fẹ́ ẹ̀ṣọ́. Ìbátan kan ti kọ lẹ́tà ẹ̀sín nípa rẹ̀ sí bàbá Mọ́mì Michelle nígbà tí Mọ́mì ṣì wà lọ́mọdé, bàbá náà sì gbé ìtìjú yẹn dé sàréè. Nígbà tí Mọ́mì Michelle fúnra rẹ̀ kọ̀wé sí àwọn ìgbìmọ̀ òkúta, wọ́n dá a lóhùn dáadáa. Wọ́n fi fọ́tò ìwé ìpè-orúkọ tí balógun wọn kọ ránṣẹ́ sí i. Wọ́n ní bí ó bá rí ẹ̀rí kankan, kó gbé e wá síwájú àwọn lórí kọ̀ǹpútà ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Mọ́ńdè, aago London, torí ọjọ́ Túsìdeè ni oníṣẹ́ òkúta máa bẹ̀rẹ̀ sí í fín in.

Mọ́mì Michelle sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún Fẹ̀hìntọlá láìsunkún. Ó ní, "Tọ́lá, èmi ni Tarling tó kù. Bí mo bá lọ, orúkọ yẹn ti tán láyé. Mo kàn fẹ́ kó wà lára nǹkan kan."

Fẹ̀hìntọlá kò níṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, síbẹ̀ ó wá. Ó fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wo fọ́tò náà láti àárọ̀ di ọ̀sán, ara rẹ̀ sì yá gágá. Orúkọ ọkùnrin méjìlélọ́gbọ̀n ló wà lójú ìwé kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ń ṣọ́ wà lókè, àmì sì wà níwájú orúkọ. Àwọn kan gba ìlà òòró, àwọn díẹ̀ gba ìlà ìdábùú. Ní ìsàlẹ̀ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, balógun kọ lẹ́tà R àti iye kan tí kò yé e. Ó rí Ámósì. Ìlà òòró, ìlà òòró, ìlà òòró. Lẹ́yìn náà ló wá rí roboto kan, ó tún rí òmíràn, ó kà wọ́n títí wọ́n fi pé mọ́kànlá, wọ́n wá fi ìlà gbọọrọ pa orúkọ náà rẹ́. Jens náà gba roboto lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, wọ́n pa tirẹ̀ náà rẹ́.

Ó gbé awò náà sílẹ̀. Kí ni kò tíì rí nínú rẹ́jísítà? Ọdún mọ́kànlá ló fi kọ roboto yẹn fúnra rẹ̀, lójoojúmọ́ ayé, níwájú orúkọ ọmọ tí kò wá sílé ìwé. Kò sí tíṣà ní gbogbo Abẹ́òkúta tí kò mọ̀ ọ́n. Ó ní, "Mọ́mì, òdo ni. Ẹni tí kò sí ló ń gba òdo."

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mọ́mì Michelle kó àwọn fọ́tò náà jọ. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ó sàn kéèyàn mọ̀. Bí òun bá ti jẹun ọ̀sán ọ̀la tán, òun á kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n fi Ámósì sílẹ̀, kí òun má fi àkókò ẹnikẹ́ni ṣòfò mọ́. Fẹ̀hìntọlá padà sí Castle Green, ó dùbúlẹ̀, ó sì bínú sí ara rẹ̀ pé òun mọ̀wé kà.

Bó ṣe dé ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì nìyẹn, pẹ̀lú ojú tó le. Ó ti tó oṣù kan tó ti wá gbẹ̀yìn, torí iṣẹ́ máa ń bọ́ sí ọjọ́ Àìkú rẹ̀. Ìsìn parí, wọ́n ń bu ráìsì, rẹ́jísítà ẹgbẹ́ wà ní ṣíṣí lórí tábìlì Bàbá Oyèkọ́lá. Ojú tíṣà kì í ṣe aláìwo rẹ́jísítà. Ó wo orúkọ tirẹ̀. Òdo mẹ́rin ló tò síwájú rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ.

Inú bí i gidigidi. Ẹni tí wọ́n fi òdo dá lóró lánàá, òun náà ni wọ́n tún fún lódo lónìí. Ó kúnlẹ̀ kí bàbá tán, ó wá dìde, ó nàka sí i.

"Bàbá Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́ sir, kí ni mo ṣe fún yín? Four Sundays! Mo sọ fún yín pé mo wà on duty, mo send message sí group, ẹ tún wá mark mi absent. Òdo mẹ́rin!"

Bàbá Oyèkọ́lá kò yára. Ó gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀, ó fa rẹ́jísítà náà mọ́ra. Ó ní, "Ta ló mark ẹ absent? Ẹni tí ò wá, ìlà ló ń gbà, ó dùbúlẹ̀ gbalaja báyìí. Wo Brother Akínrẹ̀mí. Kí ló wà níwájú orúkọ tiẹ̀?"

Roboto ni. Láti oṣù kìíní títí dé ọ̀sẹ̀ yẹn, roboto ló tò síwájú Akínrẹ̀mí. Bẹ́ẹ̀ ni Akínrẹ̀mí rèé lẹ́nu ọ̀nà, tó fi jákẹ́ẹ̀tì tó ń dán wọ orí sùtánà, tó ń fi ọwọ́ júwe ibi tí mọ́tò máa gbà jáde. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ló ń dúró níta ṣọ́ mọ́tò àti bàtà àwọn ará ìjọ, òjò ì báà máa rọ̀.

"Ṣé Akínrẹ̀mí ò wá ni?" Bàbá béèrè. "Òde ni mo kọ, ìwọ ń ka òdo! O for òde. Ó wà lóde, ó ń ṣiṣẹ́, a ń kà á mọ́ wa. Ìwọ náà wà lóde, ò ń tọ́jú arúgbó. Bí mo bá ń sọ iye plate ráìsì tí wọ́n máa bù, mo máa ń ka gbogbo àwọn tó wà lóde mọ́ ọn. Ẹni tí ò wá ni mi ò bù fún."

Òdo mẹ́rin yẹn ti kúrò lọ́kàn Fẹ̀hìntọlá. Ohun tó ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. O ni òyìnbó náà fi ń bẹ̀rẹ̀ Out, èyí tó túmọ̀ sí òde; lẹ́tà R ló sì gba orí rẹ̀ kan, R tí balógun kọ sí ìsàlẹ̀ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Rations! Iye oúnjẹ tí wọ́n bù! Ó fa fóònù rẹ̀ yọ, ó ṣí fọ́tò kan, ó sì fi ìka kà á lójú bàbá náà níbẹ̀. Ìlà òòró, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ìlà ìdábùú, mẹ́ta. Roboto, méjì. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ọkùnrin méjìlélọ́gbọ̀n. Ká ní òdo ni roboto yẹn, ẹni mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló yẹ kó jẹun. Ó wo R. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló wà níbẹ̀.

Wọ́n bu oúnjẹ fún àwọn roboto. Ta ló ń bu oúnjẹ fún ẹni tó sá?

Ó gbá bàbá mọ́ra pẹ̀lú sùtánà àti gbogbo rẹ̀, ohun tí wọn kì í ṣe. Ó pe Mọ́mì Michelle lórí fóònù, fóònù dún títí, kò sẹ́ni tó gbé e. Ó rántí pé lọ́jọ́ Àìkú, bó bá ń jẹun, ó máa ń yọ ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ kúrò létí. Ó tún rántí ohun tó fẹ́ ṣe lẹ́yìn oúnjẹ. Èèyàn ti kún ibi tí bàtà wà. Kò dúró dè wọ́n. Akínrẹ̀mí rí i tó ń bọ̀, ó ya kúrò lọ́nà, ó sì dá mọ́tò kan dúró fún un kó lè kọjá.

Ìdí eré náà nìyẹn. Láti Rippleside dé Upney kò jìn fún ẹni tó wọ bàtà. Òkúta wẹ́wẹ́ gún un, ó fi ẹsẹ̀ kọ létí títì, kò dúró. Inú rẹ̀ ń dùn, ẹ̀rù ń bà á, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ń ka iye nínú ọkàn rẹ̀ bó ṣe ń sáré: mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n àti méjì, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n àti méjì.

Ó kan fèrèsé títí Mọ́mì Michelle fi wá ṣílẹ̀kùn pẹ̀lú ọ̀pá. Obìnrin náà wo sùtánà, ó wo ẹsẹ̀ tó dọ̀tí, ó bi í bóyá jàm̀bá ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Fẹ̀hìntọlá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì kọ̀wé yẹn."

"Mo ti fi ránṣẹ́," ni Mọ́mì Michelle wí. "Kò tíì tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

Fẹ̀hìntọlá jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ó kù díẹ̀ kó sunkún. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú mẹ́wàá kì í ṣe ikú. Ó wọlé, ó tẹ́ gbogbo fọ́tò náà sórí tábìlì ilé ìdáná, ó fún Mọ́mì Michelle ní pẹ́ńsùlù, ó ní kó máa kọ iye bí òun bá ṣe ń kà. Kò sọ ohun tó ń wá fún un, torí ó fẹ́ kó rí i fúnra rẹ̀. Ojú ìwé kìíní, R gba àwọn roboto mọ́ra. Ojú ìwé kejì: méjìdínlọ́gbọ̀n gba ìlà òòró, méjì gba roboto, R sì jẹ́ ọgbọ̀n. Nígbà tí wọ́n dé ìkẹrin, Mọ́mì Michelle ju pẹ́ńsùlù sílẹ̀. Ó ti fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ka àwo oúnjẹ; kò sẹ́ni tó ní láti ṣàlàyé fún un. Ó ní, "Èèyàn kì í gbé oúnjẹ sílẹ̀ de ẹni tí kò ní í bọ̀." Lẹ́yìn náà ló sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò yẹ kí ẹni tó wọ sùtánà gbọ́, ó sì kọ̀wé tuntun sí wọn pé kí wọ́n má fọwọ́ kan nǹkan kan.

Ní Mọ́ńdè, Dára, ẹlẹgbẹ́ Fẹ̀hìntọlá, bá a gba iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́. Aago mẹ́rin géérégé, ojú èèyàn mẹ́ta yọ lójú kọ̀ǹpútà. Alága jẹ́ bàbá onírùngbọ̀n funfun kan. Obìnrin kan jókòó lápá ọ̀tún rẹ̀ pẹ̀lú ìwé ńlá níwájú, obìnrin onísíkáàfù pupa kan sì wà lápá òsì. Bàbá náà dúpẹ́ lọ́wọ́ Mọ́mì Michelle fún òótọ́ tó kọ lọ́jọ́ Àìkú, ó ní àwọn rí lẹ́tà kejì pẹ̀lú, àwọn sì mọ̀ pé ó máa ń ṣòro fún ẹbí láti gba irú nǹkan báyìí. Ohùn rẹ̀ tutù, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ló ń rọra tì. Mọ́mì Michelle kò jẹ́ kó tì í tán. Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi rèé. Onímọ̀ ìtàn ni. Ẹ gbọ́ ọ."

Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pe Fẹ̀hìntọlá bẹ́ẹ̀. Ó dìde dúró bí ẹni tó wà níwájú kíláàsì, ó gbàgbé pé àyà òun nìkan ni kọ̀ǹpútà ń fi hàn. Ó sọ fún wọn pé òun ló kọ́kọ́ ṣì í kà. Ó sọ ti roboto ilé ìwé, ó sọ ti Akínrẹ̀mí àti bàtà ìjọ, ó wá ní kí wọ́n mú pẹ́ńsùlù. Obìnrin onísíkáàfù pupa kò mú nǹkan kan; ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹni tó ni ìwé ńlá ló kà á. Wọ́n ń gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń ka iye wúyẹ́wúyẹ́ láti Yútà. Ó ka ojú ìwé kan, ó tún òmíràn kà, ó sì dúró. Ó ní gbogbo rẹ̀ ló bá ara mu. Ẹ̀rín ẹni tó wà lápá òsì tán.

Alága ní ó dáa bẹ́ẹ̀, wọ́n wà lóde. Kí ló dé tí balógun fi pa orúkọ méjèèjì rẹ́ lọ́jọ́ kan náà?

Fẹ̀hìntọlá kò purọ́. Ó ní, "Ohun tí ìwé sọ nìkan ni mo lè sọ, sà. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kejì, Ámósì àti Jens wà lóde, wọ́n ń ṣọ́ ọ̀nà orí òkè. Ẹni mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n wà nílé, wọ́n sì bu oúnjẹ méjìdínlọ́gbọ̀n. Balógun wọn ń retí wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, ìwé dákẹ́."

Ìgbà náà ni obìnrin ìwé ńlá fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó wo alága, ó ní, "Àwọn Àlejò Méjì."

Alága ṣàlàyé pé òkìtì òkúta méjì wà lórí òkè náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ní ibi tí ọ̀nà ti wọ àfonífojì. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó wà lábẹ́ wọn. Bóyá àwọn onílẹ̀ tó ń wá màlúù ló bá wọn níbẹ̀, bóyá yìnyín ni, kò sẹ́ni tó lè sọ. Láti ayé bàbá bàbá òun ni àwọn ọmọ ìlú ti ń pè wọ́n ní Àwọn Àlejò Méjì. Òun fúnra òun ti máa ń kó koríko kúrò lórí wọn láti kékeré.

Mọ́mì Michelle sunkún wàyí, kò sì bò ó. Ọgọ́jọ ọdún ni wọ́n ti ń sọ pé ó sá, ibi tí wọ́n fi í ṣọ́ ló sì wà láti ọjọ́ yìí, kò kúrò.

Wọn kò bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Obìnrin ìwé ńlá ní bí roboto kì í bá ṣe òdo, àwọn márùn-ún mìíràn tún wà tí wọ́n yọ sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Òun á pe oníṣẹ́ òkúta kí ọjọ́ náà tó parí. Alága béèrè lọ́wọ́ Mọ́mì Michelle bóyá nǹkan kan wà tó fẹ́ kí wọ́n fín sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Ámósì. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí wọ́n fín roboto kan síwájú orúkọ àwọn méjèèje, bí balógun wọn ṣe kọ ọ́, kí ẹni tó bá fẹ́ mọ ìtumọ̀ rẹ̀ béèrè.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà ti kú, Fẹ̀hìntọlá gbé omi kaná. Mọ́mì Michelle jókòó pẹ̀lú fọ́tò náà lórí itan rẹ̀, ó ń fi ìka tọ́ àwọn roboto náà níkọ̀ọ̀kan. Ó ní kí Tọ́lá tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ fún òun, ọ̀rọ̀ tí bàbá ṣọ́ọ̀ṣì sọ. Fẹ̀hìntọlá ní, "Òde." Arúgbó náà gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó kọ́kọ́ padà di òdo lẹ́nu rẹ̀, àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ìkẹta jáde pẹ̀lú gbogbo agbára ahọ́n Barking: "Ọdẹ."

Fẹ̀hìntọlá dúró pẹ̀lú ife lọ́wọ́. Ó rántí àdúgbò wọn ní Abẹ́òkúta, àti ọkùnrin tó máa ń dúró sí géètì níta kí gbogbo ilé lè sùn, tí àwọn èèyàn ń pè ní ọdẹ. Ó gbé tíì síwájú rẹ̀, kò sì tún ọ̀rọ̀ náà ṣe.